Ẹnu Mi Ò Mọ́: Bí Mo Ṣe Tọ Àńjẹ̀lì Lọ sí Bantè

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti wọn aṣọ tí kò ní kọ́kọ́ jókòó, kó ní, "Télọ̀, sọ fún wa, báwo ni Dàhómè ṣe rí?" Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ń ro mí, aṣọ àwọn oníbàárà sì wà lórí tábìlì tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dúró gbọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n ní ẹnìkan ń sọ ọ́ lọ́jà pé àwọn ará ibẹ̀ fi oògùn mú mi mọ́lẹ̀ sábẹ́ igi. Irọ́ ni. Lóòótọ́ ni mo jókòó sábẹ́ igi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn débẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ tí mo mú kálámù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n lè padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ìtàn Fadá

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ kí n má dárúkọ Fadá. Àwa tí a lọ sí ilé ìwé Àgùdà nílùú Ṣakí yìí kò lè gbàgbé rẹ̀: òyìnbó gíga, onírun pupa, ọmọ ilẹ̀ Áyálàǹdì. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù tí a kò gbọ́ ìṣirò mọ́, yóò pa ìwé dé, yóò máa pariwo ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ wọn sí wa létí. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní láyé ọjọ́un, olúkúlùkù akọni ilẹ̀ àwọn ló ní èèwọ̀ tirẹ̀. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé òyìnbó náà ní èèwọ̀?

Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí obìnrin kan tó ti inú òkè jáde wá, láti ìlú àwọn tí kì í darúgbó. Ìfẹ́ obìnrin yìí mú un, kò jẹ, kò mu. Obìnrin náà ní, "Wá mi wá sílé. Ṣùgbọ́n má kọ oúnjẹ tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ lọ́nà, má sì fẹnu kan ẹran àgbọ̀nrín títí wàá fi dé ọ̀dọ̀ mi." Ọkùnrin náà gbéra, ó la odò, ó la igbó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, àwọn ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń yan ẹran lẹ́bàá ọ̀nà pè é pé kó wá bá àwọn jẹun. Ẹran àgbọ̀nrín ni. Bó bá jẹ ẹ́, ó jẹ èèwọ̀. Bó bá kọ̀ ọ́, ó jẹ èèwọ̀. Ó jẹ ẹ́. Bó ṣe gbé e mì ni ẹnu ọ̀nà òkè náà pòórá, Fadá sì ní ó ṣì ń wá a kiri títí di òní.

Mo na ọwọ́ sókè. Mo ní, "Fadá, kí ló yẹ kó ṣe?"

Fadá fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Àkànbí, kò sẹ́ni tó mọ̀ nílẹ̀ wa."

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Lójú tèmi, ẹni tó bá máa sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀.

Aṣọ tí kò parí

Mo dàgbà, mo kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo gbàgbé Fadá àti àgbọ̀nrín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin oníṣòwò aṣọ kan wá láti Bantè, ní ilẹ̀ Dàhómè tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ó sì gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, omidan kan tí àwọn obìnrin Àgùdà kọ́ níwèé. Àńjẹ̀lì lorúkọ rẹ̀. Èdè Ìṣà ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ó sì dà bí ìgbà tí ìyá ìyá mi bá ń sọ̀rọ̀: mo máa ń gbọ́ ọ, àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi.

Àńjẹ̀lì gbé aṣọ wá pé kí n fi rán bùbá fún òun. Ẹ mọ àwa télọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rán an tán, mo tì í mọ́ àpótí, mo sì ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé ó ku ihò bọ́tìnnì. Ó ń wá, ó ń lọ. Tó bá ti lọ, n kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Télọ̀, bó o bá ti rán ihò bọ́tìnnì yẹn tán, sọ ohun tó o fẹ́ sọ."

Mo sọ ọ́. Mo ní mo fẹ́ ẹ, pé n kò sùn dáadáa mọ́, pé bó bá lọ, ayé mi bàjẹ́.

Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A kì í dáhùn irú ọ̀rọ̀ yìí lóde. Bàbá mi ti kú. Bàbá mi àgbà ni wọ́n ń bi, inú ilé wa ni wọ́n sì ti ń bi í. Mùsíyé kan wà ní Akpassi, olùkọ́ ni, ó ti ń béèrè mi. Bàbá sọ fún un pé òun á dá a lóhùn lọ́jọ́ tí ilé wa bá jẹ iṣu titun. Bí ìwọ náà bá fẹ́ béèrè, wọlé wá kí ọjọ́ yẹn tó pé."

Mo ní, "Màá wá."

"Fara balẹ̀. Ohun méjì ló wà níbẹ̀. Má kọ oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni bá fún ọ lójú ọ̀nà. Bàbá máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó ní ẹni tó bá yínmú sí oúnjẹ àwọn ará wa, ó máa yínmú sí ọmọ àwọn lọ́jọ́ kan. Ìkejì, má jẹ iṣu titun. Ilé wa ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ládùúgbò wa. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ ṣáájú wa, kò lè wọlé wa títí a ó fi jẹ tiwa."

Orí mi wú. Mo gbọ́ òjò lórí páànù, mo gbọ́ ohùn Fadá. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo mọ ìtàn yìí, pé kò dára níparí. Ṣùgbọ́n ó ti ń wò mí, mo sì ní ó dára, ohun méjì náà kò le. Mo gbé aṣọ rẹ̀ fún un. Kò pẹ́ sí i ni òun àti àǹtí rẹ̀ padà sílé.

Ikùn mi lójú ọ̀nà

Nígbà tí òjò ti ń rọ̀ déédéé tí iṣu sì ti ń ta lóko, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo mú sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ àti òwú, mo gbéra. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ẹnubodè dá yín lágara. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń fún àlejò lóúnjẹ.

Ní Sábẹ, ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá bíi tiwa, mo kàn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ni. Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí n jókòó ná. Wọ́n gbé omi wá, obìnrin ilé fẹnu kan omi náà kó tó gbé e fún mi, kí n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo mu ún tán ni wọ́n tó kí mi kú àbọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó béèrè ibi tí mo ń lọ. Ní tiwa níhìn-ín, ká tó fún ẹlòmíràn lómi, a ó ti mọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ohun tó wá ṣe. Ojú tì mí fún wa.

Wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, mo jẹ. Mo dé ilé kejì, wọ́n gbé ẹ̀wà wá, mo jẹ. Mo ti ṣèlérí, mi ò gbọdọ̀ kọ̀. Ní Ìdáṣà, lábẹ́ àwọn òkè olókùúta ńláńlá wọ̀nyẹn, akọ̀wé kan tó gbọ́ pé àlejò ni mí fún mi ní búrẹ́dì gígùn tó tó apá mi àti kọfí dúdú tó korò bí ewúro. Ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Ó ń bi mí lóòrèkóòrè ní Faransé bóyá ó dára, ó ní, "Bọ́n?" Mo ń mi orí pé bọ́n ni. Obìnrin Fúlàní kan já wàrà lé mi lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Mo tú okùn ṣòkòtò mi lẹ́ẹ̀kan, mo tún un tú lẹ́ẹ̀kejì. Èmi télọ̀ ni mo rán ṣòkòtò náà, mo sì mọ iye àyè tó kù níbẹ̀.

Jíjẹ́ àlejò dùn mọ́ mi. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọ Faransé sí mi lẹ́yìn, n kò sì gbọ́ ẹyọ kan. Wọ́n mọ̀ mí lálejò láti ara aṣọ mi, nítorí pé ọrùn bùbá tiwọn kò rí bíi tiwa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi mí ṣẹ̀sín. Bí mo bá ṣìnà, wọn kì í nawọ́ síbi tí mo máa gbà. Wọ́n máa ń sin mí débẹ̀.

Abọ́ tí ọwọ́ méjì ń wọ̀

Mo wọ Savalou nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀. Òkè ló yí ìlú náà ká, ó sì lẹ́wà lójú mi gan-an. Kí n tó rí ilé kankan ni mo ti gbọ́ òórùn. Iṣu tí wọ́n ń yan. Ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń jẹ iṣu titun ni mo bọ́ sí.

Mo di imú, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ràfíù, ọmọ Ṣakí wa tó ń ta epo kẹrosíìnì àti abọ́ tánganran níbẹ̀. Ilé rẹ̀ kún fún àlejò. Ó ní òun ti bá mi rí àyè sílé ìyá arúgbó kan nínú àwọn Mahi onílùú náà, tí ògiri rẹ̀ kan tirẹ̀. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà, ó sì ti kọ́ Yorùbá dáadáa lẹ́nu àwọn oníṣòwò wa.

"Kúàbọ̀," ni Màmá wí. Ó fún mi lómi, ó gbé àpótí fún mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wọlé, ó sì gbé abọ́ kan jáde tó fi abọ́ mìíràn dé. Bó ṣe ṣí i báyìí, iyán ni, ó funfun báláú, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú wàrà tí wọ́n dín. Ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ irú ọ̀rẹ́ tí èmi àti iyán ń bá ara wa ṣe.

Mo ní, "Màmá, inú ló ń run mí."

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹni tí inú ń run kì í wo oúnjẹ báyẹn."

Ó da omi sí mi lọ́wọ́. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìgbà náà ló jókòó sílẹ̀, ó ní, "Gbọ́, ọmọ. Ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo wà ní Kùtọnu, kò lè wá lọ́dún yìí. Nílé mi, a kì í dá iṣu titun jẹ. Ọwọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ wọ abọ́. Àwọn aládùúgbò wà pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn. Mo ní bí àlejò bá dé, èmi náà á jẹ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ọ̀nà."

Mo wo ẹnu rẹ̀, ó gbẹ. Kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà létí abọ́, ó ń dúró de tèmi.

Kí n sọ òtítọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo rí àwọn ìyá arúgbó inú ìtàn Fadá, mo rí ẹran tí wọ́n ń yan. Bí mo bá kọ̀, mo ti ba ìlérí kan jẹ́, ìyá yìí á sì sùn lébi lọ́jọ́ ọdún. Bí mo bá jẹ, mo ti sọ Àńjẹ̀lì nù. Mo ro ó, mo tún un rò. Mo bi ara mi bóyá obìnrin tí mo fẹ́ yìí á fẹ́ ọkùnrin tó jókòó ti ìyá arúgbó, tó ń wò ó bó ṣe ń gbé abọ́ rẹ̀ padà wọlé.

Mo ti ọwọ́ bọ abọ́. Màmá náà ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Iyán náà dùn, kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Màmá rò pé ata ni, ó dìde lọ bu omi wá fún mi.

Nígbà tí Bàbá Ràfíù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ta ló máa sọ fún wọn ní Bantè? Ṣé iṣu ń sọ̀rọ̀ nínú ikùn ni? Nu ẹnu rẹ, kó o máa lọ."

Mo nu ẹnu mi, mo sì ń lọ.

Omi ẹnu ọ̀nà

Bantè tutù lójú. Wọ́n ti gbá àgbàlá mọ́ tónítóní, igi èmì dúró káàkiri inú oko, àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti odò sì ń kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí láti kí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ohùn wọn ń dún létí mi bí ohùn Àńjẹ̀lì, gbogbo wọn, débi pé àyà mi ń já ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kí mi lẹ́yìn.

Àǹtí Àńjẹ̀lì, oníṣòwò aṣọ yẹn, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó pariwo, ó sáré bọ́ síta, ó ń pàtẹ́wọ́. "Télọ̀! Télọ̀ ti dé! Ilé ò tíì jẹ iṣu, o bá a!" Ó fà mí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bàbá àgbà jókòó nínú, ó kọjú sí wa, ọ̀pá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Àńjẹ̀lì gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo dání. Bùbá tí mo rán ló wọ̀. Ó rí mi, apẹ̀rẹ̀ náà mì.

Igbá omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí ní, "Yọ ẹnu rẹ. Ẹni tó bá ń wọlé lásìkò yìí á yọ ẹnu, á sọ fún Bàbá pé, 'Ẹnu mi mọ́.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Bàbá Ràfíù kò mọ̀ nípa omi yìí. Èmi náà kò mọ̀. Mo bu omi sẹ́nu, mo sì gbé e síbẹ̀. Mo rò ó pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Bí mo bá sọ wọ́n, mo wà nínú ilé, mo ti béèrè kí olùkọ́ Akpassi tó dé. Gbogbo wọn ń wò mí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Mo wo Bàbá àgbà. Ojú rẹ̀ kò le rárá, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó fẹ́ràn mi tẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló pa mí.

Mo tu omi náà dànù. Mo ní, "Bàbá, ẹnu mi ò mọ́."

Apẹ̀rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Àńjẹ̀lì, àgbàdo fọ́n ká. Bàbá wò mí, ó ní, "O ṣeun tó o sọ ọ́." Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹní sábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní àlejò àwọn ni mí, ẹnu ọ̀nà nìkan ni mi ò lè wọ̀.

Abẹ́ máńgòrò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé oògùn ni, ibí yìí ni mo jókòó sí. Mo lè padà sílé. N kò fẹ́ padà. Mo ti pinnu pé bí wọn yóò bá fi Àńjẹ̀lì fún ẹlòmíràn, kí ó ṣojú mi, kí n má baà máa wá a kiri bí ọkùnrin inú ìtàn Fadá.

Irú àwọn ènìyàn báyìí, mi ò rí wọn rí. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Ẹ kú ìjókòó o," bí ẹni pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí òjò ṣú, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò fi imọ̀ ọ̀pẹ ta àtíbàbà lé mi lórí, wọn kò sì dúró gbọ́ ọpẹ́. Àwọn ilé ń pín oúnjẹ mi ṣe láàárín ara wọn: ilé kan gbé ọkà àgbàdo wá, òmíràn gbé ẹ̀wà wá. Iṣu èṣí ti tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń fara da ebi iṣu nítorí ilé kan. Èmi tí mo ti jẹ iyán yó ni wọ́n ń bẹ̀ pé kí n má bínú sí oúnjẹ àwọn.

Àńjẹ̀lì kò lè bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo àárọ̀ ló ń gbá a, ibi tí kò dọ̀tí pàápàá.

Kí n má baà kú fún ìrònú, mo mú abẹ́rẹ́ jáde. Mo tún aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ṣe, mo yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ilé máa jẹ iṣu, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ dé, ó wọ aṣọ funfun tó ní àpò mẹ́rin, fìlà funfun sì wà lórí rẹ̀. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ti fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ya dé orúnkún. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ń làágùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo fẹ́ wọlé yìí lọ tọrọ ìyàwó, mi ò lè wọlé báyìí."

Ẹ wo ohun tó bá mi. Mo lè sọ pé òwú funfun tán. Mo lè rán an kó tún já bó bá ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni, mi ò sì tíì fi iṣẹ́ mi purọ́ rí láyé mi, yàtọ̀ sí ihò bọ́tìnnì kan. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ sórí itan mi. Mo rán an débi pé ẹni tó bi í lọ́mọ kò ní mọ̀ pé ó ya. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń rán an.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni télọ̀ tó ní ẹnu òun ò mọ́?"

"Èmi ni, Mùsíyé."

Ó dúpẹ́ ní Faransé, ó ní, "Mẹsí," ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó yọ ẹnu lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹnu òun mọ́, ó wọlé.

Ilé ò tíì pé

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo sì rí gbogbo rẹ̀ láti abẹ́ igi. Àwọn ará ilé jókòó yí àgbàlá ká, láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́. Mùsíyé jókòó sórí àga àlejò. Bàbá gé iṣu yíyan, ó fi kan epo, ó ń fi sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn lọ. Lẹ́yìn ẹni ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń retí ló kàn.

Ó kan Àńjẹ̀lì. Bàbá na iṣu sí i. Àńjẹ̀lì kò la ẹnu.

Bàbá ní, "Kí ló dé?"

Ó kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "Bàbá, ilé ò tíì pé."

"Ta ló kù?"

Kò nawọ́ sí mi. Ó kàn kọjú sí ẹnu ọ̀nà ni. Gbogbo àgbàlá yí ojú padà tẹ̀ lé tirẹ̀, mo sì rí ara mi lójú gbogbo wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Bàbá fi iṣu Àńjẹ̀lì padà sínú abọ́. Ó fún àwọn tó kéré jù ú, títí dórí Pásíkà, ọmọ ọwọ́ ilé náà, tó fi epo pa létè. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́, ó ti ọ̀pá, ó rìn jáde wá bá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Ó ní, "Omi wà lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ yẹn. Kí ló dé tó ò purọ́?"

Mo ní, "Bàbá, ẹnu yìí kan náà ni mo fẹ́ fi tọrọ ọmọ yín."

Ó ní, "Ta ló fún ọ níṣu?"

Mo sọ fún un nípa Màmá ní Savalou, nípa abọ́ tí ọwọ́ méjì ń wọ̀, nípa ọ̀nà tó ń wò láti àárọ̀.

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun, Bàbá. Ó jẹ ẹ́ tán."

Bàbá mi orí. Ó ní, "Ó dára. Nílé wa, ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ń jẹ kẹ́yìn. Títí di àárọ̀ yìí, Pásíkà ni." Ó mú iṣu kan látinú abọ́. "La ẹnu."

Mo la ẹnu. Iṣu náà ti tutù, epo rẹ̀ sì ti dì díẹ̀. Mo ti jẹ iyán Màmá, mo sì ti jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ iyán láti ìgbà náà, èyíkéyìí kò dùn tó iṣu kan yẹn. Bàbá padà wọlé, ó fi iṣu Àńjẹ̀lì sí i lẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mùsíyé dìde lórí àga. Mo rò pé yóò bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní òun kò béèrè mọ́, nítorí pé òun ti gbọ́ ìdáhùn. Ó jáde wá, ó gbé igbá omi ẹnu ọ̀nà, ó fi lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Mo yọ ẹnu. Mo ní, "Ẹnu mi mọ́," mo sì wọlé.

Ìdáhùn

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé lẹ́yìn ìgbéyàwó, a yà sí Savalou. Màmá fi ọwọ́ kan ojú Àńjẹ̀lì, ó ní, "Ìyẹn ni ata tó ń pa ọ́ lójú lọ́jọ́ sí?" Ọmọkùnrin rẹ̀ ti Kùtọnu dé, abọ́ ti kún fún ọwọ́.

Mo lọ sọ́dọ̀ Fadá. Ó ti darúgbó, irun pupa náà ti funfun. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní mo ti mú ìdáhùn wá. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá ní, "Àkànbí, nínú ìtàn tiwa, ọkùnrin náà kò ronú pé òun lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí òun sì sọ òtítọ́." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fi ń ráhùn. Nílé wọn ní Bantè, ẹni tó bá ṣáájú rẹ jẹ iṣu lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ni títí láé. Lọ́jọ́ ìdána, wọ́n mú kí n dọ̀bálẹ̀ fún Pásíkà lórí ọyàn ìyá rẹ̀. Àńjẹ̀lì ní tiẹ̀ kò jẹ iṣu tirẹ̀ títí mo fi jẹ tèmi, èmi ló sì yẹ kó máa kí ní àgbà. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un títí ọ̀fun mi gbẹ. Ó ní kò kan òun, pé a bí òun sínú ilé náà, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Mo ní láti dá kálámù dúró báyìí. Àńjẹ̀lì ti gún iyán, ó ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, gbogbo àdúgbò sì ń gbọ́ ọ: "Àbúrò! Wá jẹun!"